Ègé Kẹrìnlélógún

Iná ti tàn sórí eyín dùùrù kí ìka mi tó débẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ojú àgbà sì ní àwàdà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iná àwọ̀ ewé náà tún tàn, eyín funfun kan, dúdú kan, funfun méjì, ìka mi sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò pé kí n lọ, iná ti jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mo fò lọ sí apá òkè, iná ti débẹ̀. Mo já wálẹ̀ lójijì, iná ti wà nísàlẹ̀. Mo ní kí n gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí n fi tan ẹ̀rọ náà jẹ, gbogbo iná sì kú kí n tó gbé e.

Orin tí mò ń lù ni "Kẹ̀kẹ́ Ò Ní Bíréèkì". Orin jáàsì àtijọ́ ni, àwọn adúláwọ̀ òkè-òkun ló kọ́kọ́ lù ú, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí eré àsápajúdé tó máa ń sá. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ máa lu ilẹ̀ nígbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. O máa lu orin gangan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni wàá máa fi orí ara rẹ dá tìrẹ lé e lórí. Ẹni tó bá wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀ kò ráyè ronú, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa jáde. Ìdí nìyẹn tí Ilé Ìdánwò Ọwọ́ fi mú un fún ìdánwò.

Mo parí, mo gbé ọwọ́ kúrò. Òógùn ti fi bùbá mọ́ mi lẹ́yìn.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, Mà," ni ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wí. Ìníolúwa ni orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ilé aláìsàn wò. "Ti àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àwo tánganran funfun kan wà, òrùka dúdú méjì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti wọn àtàǹpàkò mi nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, bí ìgbà tí káfíńtà bá ń wọn òkú fún pósí. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Aṣáájú bá ti mọ ohun tí o fẹ́ lù tẹ́lẹ̀ ju àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfin ní àwòkọ ni ọwọ́ rẹ. Wọ́n á gba káàdì tí o fi ń lu dùùrù ní gbangba, wọ́n á ti òrùka bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, dùùrù yòówù tí o bá sì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ náà á yadi. Mo mọ ẹnì kan tó wọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń wá sí gbọ̀ngàn tí mo ti ń lu dùùrù, á jókòó sẹ́yìn, á ká ọwọ́ méjèèjì sínú agbádá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ọkọ mi, Gbádébọ̀, wà ní ìlà kẹta níbi tí wọ́n gba ẹbí láàyè láti jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ìka rẹ̀ sì ń rìn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ẹ̀rù bá bà á, láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí a ti fẹ́ra. Ó ń ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ, ó ń ṣe é lójú oorun, ọjọ́ tí mò ń rọbí Ìbùkún, ẹ̀yìn mi ló ń lù ú sí. Kò fìgbà kan mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bí mo bá sọ fún un, á ní mò ń parọ́ mọ́ òun.

"Ta ló jí orin mi ká sínú ẹ̀rọ?" mo bi ọmọbìnrin náà. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Kò sẹ́ni tó jí yín ká, Mà. Gbangba lẹ ti ń lù ú, Aṣáájú sì wà ní gbogbo gbọ̀ngàn."

"Ṣé mo máa ń lu ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni? Ogójì ọdún! Ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn ni mò ń lù!"

Ó wolẹ̀. "Ohun tí àwa náà rò nìyẹn, Mà."

Mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti rí nínú iná yẹn tí mi ò fẹ́ gbà pé mo rí. Iná náà ń fò. Níbi tí ọwọ́ oníka márùn-ún á ti rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ńṣe ló ń fo àlàfo kan kọjá, gbogbo ìgbà, ní ibì kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi tó ń lu dùùrù báyẹn. Ọ̀gá Mọ́rákinyọ̀ tó kọ́ wa níṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gé ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó tó gbọ́njú mọ dùùrù, àlàfo yẹn sì ni gbogbo ayé fi ń dá orin rẹ̀ mọ̀. Ó ti kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Nígbà ayé rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká orin òun sílẹ̀. Ó lé akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùn sílẹ̀ sábẹ́ àga.

"Ọmọ mi," mo ní, "ta ló wà nínú ẹ̀rọ yìí?"

Ìníolúwa ṣíjú wo dígí kékeré tó yọ bí ojú lókè dùùrù, ó sì yí pátákó iwájú rẹ̀ sí mi. Àpótí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n yà síbẹ̀, orúkọ sì wà lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Mo ka àkọ́kọ́, mo ka ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹtàdínlógún, orúkọ tèmi ni mo rí: Wúràọlá Ọdẹ́wálé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gá ni gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá. Ọjọ́ tí o bá gba fíríìdọ̀mù, lẹ́yìn àdúrà, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ bá ti pín bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán, Ọ̀gá á pè ọ́ sídìí dùùrù, á fi orin kékeré kan lé ọ lọ́wọ́. Kò gùn. Ẹsẹ̀ á lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, ó ti parí. Ìbà tìrẹ nìyẹn. Ibi yòówù tí o bá ti fẹ́ fi orí ara rẹ dá orin, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lù ú, nítorí ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ìbà tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lu ti ẹnìkejì. Àwa mẹ́rìnlélógún la gbà á, a sì ń lù ú káàkiri bí ọmọ gidi.

"Aṣáájú tò wọ́n jọ ni, Mà," Ìníolúwa wí. "Ibi tí ti ẹnì kan parí sí, ibẹ̀ ni ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ń ṣe odidi ìyípo orin náà kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìyípo mẹ́ta."

Ọ̀gá ti gé orin tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún wa bí ẹran iléyá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kó máa wà lọ́wọ́ wa, kó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwa wá ń fi ìbà gbé e lọ sójú gbangba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń ṣà á lẹ́yìn wa. Ilẹ̀ lanu lóòótọ́, ó sì gbé wa mì.

"Tèmi jẹ́ ẹ̀kẹtàdínlógún," mo ní. "Lẹ́yìn ìbà mi ńkọ́? Ohun tí mò ń dá lù?"

Ọmọ náà fi ìka tọ́ka sí àpótí kejìdínlógún, ìkọkàndínlógún, ogún. "Àwọn wọ̀nyí lẹ máa ń lù tẹ̀lé e, Mà. Ẹ máa ń yí wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni."

Mi ò lè sọ bó ṣe dùn mí tó. Ọdún méje ni mo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí Ọ̀gá ń lu dùùrù lórí mi. Mo rò pé ìgbálẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn èèyàn ti sọkún nínú gbọ̀ngàn nítorí ohun tí mo lù, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ mi, èmi náà sì ti gbéra ga lórí rẹ̀, kò sírọ́ ńbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì wò. Ìka mi pé márùn-ún-márùn-ún, síbẹ̀ ogójì ọdún ni mo ti ń fo ìka tí kì í ṣe tèmi.

Àpótí tó kẹ́yìn ṣófo, kò sì sí orúkọ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀kẹrìnlélógún kò sí," Ìníolúwa wí. "Ó dà bíi pé ẹni tó ni ín kò lù ú rí ní gbangba. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ máa ń sáré padà sínú orin gangan ni. Ó ti tó ọdún méjì tí Aṣáájú ti ń wá a." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ lù ú. Ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ṣe àárín, ẹ fi ṣe ìparí. Kò mọ̀ ọ́n, kò ní lè tan iná sí i. Ẹ ó yege."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, ó ti pé nìyẹn. Wọ́n á gbé Ọ̀gá yín sí gbogbo gbọ̀ngàn."

"Àwa ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo àwo òrùka. "Bí olórin fúnra rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, Mà, àwòkọ ni gbogbo yín lábẹ́ òfin, àfi ẹni tó bá ti yege. Wọn ò tún ní dán ẹnikẹ́ni wò."

Mọ́kànlá nínú wa ló ṣì wà láyé tí kò tíì wọ òrùka. Mo kà wọ́n lórí pátákó náà. Mi ò jẹ́ kí ojú mi yà sí ìlà kẹta.

Òfin fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti mu omi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ìta, ibẹ̀ nìkan ni wọn ò fi ojú dígí sí. Gbádébọ̀ tẹ̀lé mi jáde. Kò jẹ́ kí n gbé ife délẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún, lu tèmi. Màá kọ́ ọ níbí."

"Bàbá Ìbùkún, ẹ dákẹ́."

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Èmi ni mo ni àpótí tó ṣófo yẹn. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Ṣé mo fẹ́ gbé e lọ sọ́run ni?"

Ọjọ́ kan náà lèmi àti òun gba fíríìdọ̀mù. Èmi lù tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun jókòó sídìí dùùrù níwájú àwọn òbí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó dìde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Ó di ẹni tó ń yí okùn dùùrù fún àwọn tó lè lù ú. Kò kọ́ mi ní ìbà rẹ̀ rí, kò sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti fi ń lù ú sí mi lẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n ju etí mi lọ.

"Tí mo bá lù ú," mo ní, "òrùka á kúrò lọ́wọ́ mi, á lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá."

"Tí o ò bá lù ú, tìrẹ ni òrùka lówùúrọ̀ yìí." Omi ti lé sí i lójú. "Mo mọ̀ ọ́, ìwọ obìnrin yìí. Tí wọ́n bá gba dùùrù lọ́wọ́ rẹ, o ò ní lò tó ọdún kan."

"Ẹ ò ní sin mí lónìí. Ẹ lọ jókòó."

Mo sọ ọ́ bí akíkanjú, mo sì padà wọlé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀. Mo lu orin gangan, mo lu ìbà mi, nítorí mi ò lè ṣe aláìlù ú, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ mi. Iná tàn pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Bí ìbà ti parí ni iná fò lọ sórí ègé tó kàn, ọwọ́ mi sì ti dìde láti tẹ̀lé e.

Mo fà á padà. Mo sì rántí ohun kan tó yẹ kí n ti rántí láti àárọ̀. Dùùrù méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí Ọ̀gá bá ń lu ti iwájú, àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á wà nídìí èyí tó ti gbó, Ọ̀gá á lé, àwa á gbè. Ibi tó bá ti mí ni a ó ki tiwa bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dá dúró, mi ò gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá kì í ṣe elégbè, èmi náà sì ti wá di ọ̀gá.

Mo jẹ́ kí iná máa lọ. Mi ò tẹ̀lé e, mi ò sì sá fún un. Iná lé, mo gbè. Ibi tó ti fo ìka tí kò sí, inú àlàfo yẹn ni mo fi ìka tèmi sí, ìka kẹrin, tó ti ṣíwọ́ láti ogójì ọdún. Iná gbọ̀n. Ó tàn síbi tí mi ò sí, ó kú, ó tún tàn níbòmíràn. Mo gbọ́ tí Ìníolúwa mí kanlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè, eré orin náà sì gbé mi bí ìsàlẹ̀ òkè ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lù.

Nígbà náà ni a dé etí ìyípo. Gbogbo iná kú pọ́ọ̀.

Àpótí tó ṣófo nìyẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Àtàǹpàkò mi mọ ibi tó fẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo dì wọ́n mú sí àyà. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń lu ilẹ̀. Bóyá ló tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àbọ̀, ṣùgbọ́n mo dàgbà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún, mo já padà sínú orin gangan, mo sì parí rẹ̀.

"Méjìdínlógójì," Ìníolúwa wí. Ó dìde dúró. "Mà! Méjìdínlógójì! Ẹ ti yege!"

Ó gbé káàdì lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé àwo òrùka kúrò lórí tábìlì kíákíá bí ẹni tó gbé ejò jùnù. Mo ń pariwo, mo ń pe Ọlọ́run, mo ti fẹ́ yí sí ọkọ mi kí n fi yẹ̀yẹ́ ṣe é pé òkú tó fẹ́ sin rèé. Àfi bí ohùn ọmọ náà ṣe yí padà lẹ́yìn mi.

"Mà." Ó ń wo pátákó. "Ó ń béèrè orúkọ ẹni tó wà ní ìlà kẹta."

Mo gbójú sókè. Dígí tó yọ lókè dùùrù kò wò mí mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó yí. Ó ní láti jẹ́ pé nígbà tí mo dákẹ́, nígbà tí kò rí nǹkan kan gbà lọ́dọ̀ mi, ó ti wá ibòmíràn wò.

Gbádébọ̀ jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù nítorí mi ṣì wà lójú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń rìn lórí orúnkún. Ó rí i pé a ń wo òun. Ó tẹ̀lé ojú wa wálẹ̀, ó sì rí ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Èmi kọ́," ó wí. "Ìyá Ìbùkún, èmi kọ́."

Lórí pátákó, àpótí kẹrìnlélógún ti kún.

Eyín dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àpótí àkọ́kọ́, ó sì ń sá eré àsápajúdé yẹn, ó ń fo ìka tí kò sí, ó ń mí níbi tí Ọ̀gá ti máa ń mí. Ìyípo kan lọ. Èkejì lọ. Ó gba inú tèmi kọjá láìkí mi. Nígbà tó dé ìparí, mo gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ lẹ́yìn ara mi láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó, ó ń dún jáde láti inú dùùrù ńlá, ketekete, láìgbọ̀n. N kò ní purọ́. Kò sí orin tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ rí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dígí náà ti yí padà sí mi, ó ń dúró de ohun tí ọwọ́ mi máa fi gbè é. Ní gbogbo ibi tí Ọ̀gá bá ti mí, ọwọ́ mi ń dìde láti gbè, mi ò rán an níṣẹ́. Káàdì mi ti jábọ́ sílẹ̀. Mo rọra fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé wọn. Nígbà tí mo wo ìlà kẹta, ọkọ mi ti jókòó lé tirẹ̀.